Tí Fítámì Bá Ń Mú Kí Èébì Gbé Yín: Bẹ́ẹ Ṣe Máa Lò Ó Tí Inú Ò Fi Ní Rú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da fítámì yẹn nù. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá ti gbé e mì ni èébì máa ń gbé yín, tí inú á máa rú, tí itọ́ á kún ẹnu, tàbí tẹ́ẹ ń sáré lọ ilé ìgbẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé fítámì ò bá ara yín mu báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ, bẹ́ẹ ṣe ń lò ó ló ń dá a sílẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Àwọn aláboyún wa ní Abẹ́òkúta níbí ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Wọ́n á gba oògùn ẹ̀jẹ̀ àti folic acid ní antenatal, wọ́n á lò ó fún ìgbà díẹ̀, èébì á gbé wọn, wọ́n á bá kó o sínú dúrọ́ọ̀, tí nọ́ọ̀sì bá wá bi wọ́n lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n á ní àwọn ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí tí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá ti kéré kó tó wọ yàrá ìbímọ, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá ya lára ẹ̀ lẹ́yìn tó bí ọmọ tán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ẹ máa ṣe, ẹ yí páálí tàbí ìgò yẹn sẹ́yìn kẹ́ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀, torí nǹkan pọ̀ nínú fítámì kan, gbogbo wọn kọ́ ló ń da inú láàmú. Èyí tó ń yọni lẹ́nu jù ni iron, òun ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ bíi ferrous sulphate, ferrous fumarate tàbí ferrous gluconate. Lẹ́yìn ẹ̀, zinc ló kàn. Vitamin C tó bá pọ̀ jù àti magnesium, ìgbẹ́ gbuuru làwọn yẹn sábà máa ń fà, calcium ní tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, kí inú sì máa wú. Àwọn B-complex kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan kan ju pé kí ìtọ̀ yí sí yẹ́lò gan-an, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, vitamin B2 tó pọ̀ ju èyí tí ara fẹ́ lò ló ń bá ìtọ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká dúró sórí iron dáadáa torí òun gan-an ni wàhálà. Iron máa ń ta awọ inú ikùn níbi tó bá bà lé, tí kò bá sí oúnjẹ kankan níbẹ̀, tààrà ló máa lọ bá awọ yẹn, ìyẹn ló fa inú rírun àti èébì. Bí iron inú hóró kan bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa yọ inú lẹ́nu tó. Ferrous sulphate tó jẹ́ 200 mg, nǹkan bíi 65 mg ni ojúlówó iron tó wà nínú ẹ̀, ferrous gluconate 300 mg sì ní bíi 35 mg. Ẹ wá rí i pé tí ẹnì kan bá ní ti òun ò ṣe òun ní nǹkan kan, tí ẹnì kejì ń bì, ó lè jẹ́ pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, kì í ṣe pé ara ẹnì kan le ju ti èkejì lọ.

Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń sọ pé orí ikùn òfìfo ni ká ti lo iron, torí ìgbà yẹn ni ara máa ń gbà á jù. Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n iron tẹ́ẹ bì síta tàbí tẹ́ẹ kó sínú dúrọ́ọ̀, kò sí èyí tí ara máa gbà nínú ẹ̀. Èyí tẹ́ẹ lò pẹ̀lú oúnjẹ tó sì dúró nínú yín ló dáa jù fún yín, bí ara ò tiẹ̀ gba gbogbo ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ẹ bá ti gbìyànjú ẹ̀ lórí ikùn òfìfo tí kò ṣeé ṣe, ẹ jẹun kẹ́ẹ tó lò ó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Oúnjẹ wo wá ni? Kì í ṣe tíì àti búrẹ́dì o. Tíì, kọfí, mílíìkì, gbogbo wọn máa ń dí iron lọ́wọ́ kó má wọ ara, àti àwọn oògùn calcium náà, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì là wọ́n láàárín. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà láàárọ̀ dáa, ẹ jẹ ẹ́ dé ìdajì, kẹ́ẹ gbé oògùn mì, kẹ́ẹ wá jẹ ìyókù lé e. Tàbí kẹ́ẹ fi sí alẹ́, lẹ́yìn láfún àti ewédú, àwa Ẹ̀gbá ò kúkú lè ṣe aláìjẹ láfún. Ẹ fi odindi ife omi kan gbé e mì, kì í ṣe itọ́, kì í ṣe omi ẹnu kan, torí hóró tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun máa ń jó èèyàn láyà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jókòó tàbí kẹ́ẹ máa rìn kiri ilé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kí ara gbà á dáadáa síbẹ̀, ẹ bó ọsàn kan tàbí méjì jẹ tẹ̀lé e, vitamin C inú ọsàn máa ń ran iron lọ́wọ́, ọsàn ò sì wọ́n ní Kútọ̀ nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ní ọgbẹ́ inú tí ọsàn máa ń ta yín, ẹ fi ọsàn yẹn sílẹ̀ jàre.

Àwọn tí alẹ́ rọ̀ lọ́rùn pọ̀ gan-an torí pé tí inú bá tiẹ̀ fẹ́ rú, oorun ti gbé wọn lọ. Ẹni tó ń ta ọjà ní Ìtòkú látàárọ̀, tó ń jókòó sínú oòrùn àti òórùn aró, kò yẹ kó máa lo iron láago méje àárọ̀ kó tó jáde nílé láìjẹun, alẹ́ ló yẹ ẹ́.

Tó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tẹ́ẹ ti ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ohun tó kù ni kẹ́ẹ dín in kù tàbí kẹ́ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó kọ ọ́ fún yín sọ̀rọ̀, kẹ́ẹ má dá a ṣe. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà. Wọ́n lè pààrọ̀ sulphate sí gluconate tí iron ẹ̀ kéré sí i. Wọ́n lè fún yín ní olómi tó ṣeé wọ̀n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì lè ní kẹ́ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan, kẹ́ẹ fo ọjọ́ kejì. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ṣùgbọ́n ó ní ìdí, tẹ́ẹ bá ti lo iron lónìí, ẹ̀dọ̀ máa tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń dí ọ̀nà fún iron mìíràn fún bí ọjọ́ kan gbáko, nítorí náà èyí tẹ́ẹ lò lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ ló máa wọlé nínú ẹ̀, ìyókù á kàn máa da inú láàmú lásán. Wọ́n ti wò ó lára àwọn obìnrin tí iron wọn lọ sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ara gba ìpín tó pọ̀ jù nínú hóró kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fo ọjọ́ kan láàárín. Ṣùgbọ́n aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ gba ìyẹn látẹnu mi, ẹ bèèrè níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún máa gba 30 sí 60 mg iron lójúmọ́ pẹ̀lú 0.4 mg folic acid, nítorí náà ààyè wà láti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á wá lọ ra èyí tí wọ́n bo ara ẹ̀ tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, pé òun kì í rú inú. Òótọ́ ni pé inú kì í fi bẹ́ẹ̀ rú, ṣùgbọ́n ibẹ̀rẹ̀ ìfun ni ara ti ń gba iron jù, tí hóró yẹn bá kọjá ibẹ̀ kó tó yọ́, ẹ ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ nù. Ẹ má sì lọ irú hóró bẹ́ẹ̀ o, ẹ má là á sí méjì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ wò nínú ilé. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ẹ ń lò sórí tábìlì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ láti họsipítù, wọ́n tún ń mu blood tonic onígò tí ìyá ọkọ rà wá, wọ́n tún ní multivitamin aláboyún tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní iron, wọ́n á wá ní fítámì ò bá àwọn lára mu. Báwo ló ṣe máa bá a mu? Tí kì í bá ṣe pé dókítà kọ ọ́ fún yín, iron tó ju 45 mg lójúmọ́ lọ ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà, inú ni ìyà ẹ̀ sì máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹ yan ẹyọ kan, èyí tí họsipítù fún yín, kẹ́ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ kẹ́ẹ gbé tiẹ̀ pa mọ́.

Ìgbẹ́ dúdú, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹni tó ń lo iron, ìgbẹ́ ẹ̀ máa dúdú, èyí tí ara ò gbà ló ń jáde. Èyí tí kò dáa ni èyí tó dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó ń rùn lọ́nà tó yàtọ̀, tí òòyì sì ń kọ́ yín tàbí tí inú ń dùn yín gan-an, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti inú, họsipítù ni o. Tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ le ni, omi púpọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn ò bó tán. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ mu àgbo jẹ̀dí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ lóyún. Ẹ̀yin tẹ́ẹ sì ti ń mu àgbo tẹ́lẹ̀, ẹ rántí pé òun náà máa ń ṣí inú, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru fítámì.

Ó kan zinc. Láti ìgbà kòrónà ni àwọn èèyàn ti sọ zinc àti vitamin C di ohun tí wọ́n ń lò láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, òun náà sì máa ń yára mú èébì wá lórí ikùn òfìfo. Oúnjẹ náà ni ojútùú ẹ̀, kó jẹ́ oúnjẹ gidi, kì í ṣe bisikíìtì méjì. Ẹ wo iye tó wà lára ìgò, tó bá jẹ́ 50 mg ló wà nínú hóró kan, ó ti ju 40 mg tó jẹ́ òpin fún àgbàlagbà lójúmọ́ lọ, tẹ́ẹ bá sì ń lo èyí tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó máa ń jẹ́ kí copper ara lọ sílẹ̀. Zinc tí wọ́n fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ parí ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni, 20 mg lójúmọ́, 10 mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kódà tí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ yọ́ ọ sínú omi díẹ̀ tàbí wàrà ọmú sínú ṣíbí.

Vitamin C: ara àgbàlagbà ò nílò ju nǹkan bíi 75 sí 90 mg lọ lójúmọ́, ẹ wá ń lo 1000 mg tó ń hó nínú omi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí ara ò lè gbà máa dúró sínú ìfun, á fa omi sọ́dọ̀, ẹ bá di ẹni tó ń sáré. Tó bá ti ju 2000 mg lọ lójúmọ́ ni ìgbẹ́ gbuuru sábà máa ń dé. Èyí tó ń hó yẹn tún ní sodium nínú, ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ̀yin ìyá, hóró 100 mg olósàn tí àwọn ọmọ máa ń jẹ bíi súìtì, ẹ má jẹ́ kí ìgò ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rá ló ń gbé wọn wọ ara, ìyẹn A, D, E àti K, pẹ̀lú epo ẹja, ẹ lò wọ́n pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo nínú. Tẹ́ẹ bá ń gùfẹ̀ tí òórùn ẹja ń jáde, ẹ máa lò ó láàárín oúnjẹ, kẹ́ẹ sì fi ìgò ẹ̀ sínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n èébì látara A tàbí D kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù lára, torí wọn kì í bá ìtọ̀ jáde bíi ti vitamin C. Ẹni tó ti ń lo vitamin D tó ju 4000 IU lọ lójúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ, tí èébì wá ń gbé e, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tí ìgbẹ́ ẹ̀ le, kó dá a dúró kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fi cod liver oil kún fítámì tó ń lò torí vitamin A inú ẹ̀, tó bá pọ̀ jù ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Calcium carbonate, pẹ̀lú oúnjẹ ni, kó má sì ju 500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan.

Tẹ́ẹ bá ń gba ààwẹ̀, ì báà jẹ́ Ramadan tàbí ti ìjọ, ẹ gbé gbogbo fítámì sí àsìkò ìṣínu. Kì í ṣe pẹ̀lú omi àkọ́kọ́ tẹ́ẹ fẹ́ fi ṣínu o, ẹ jẹun tán ná.

Ẹ̀yin aláboyún tẹ́ẹ ṣì wà nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá oyún ló ń fa èébì ni àbí oògùn? Ẹ kọ àkókò sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan oògùn rárá ni èébì ti ń gbé yín, oyún ni. Tó bá jẹ́ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tẹ́ẹ lò ó, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, oògùn ni. Tó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè máa lo folic acid nìkan ná títí èébì á fi rọlẹ̀, kẹ́ẹ wá padà sórí iron. Folic acid fúnra ẹ̀ kì í sábà rú inú, òun gan-an lẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lásìkò yẹn torí páìpù kékeré tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá inú ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí oyún bá dúró. Àtalẹ̀ tẹ́ẹ rẹ́ sínú omi gbígbóná máa ń ran èébì oyún lọ́wọ́, vitamin B6 náà ni àwọn dókítà máa ń kọ fún un.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe pé dókítà kọ ọ́ fún, tẹ́ẹ kàn ń lo oríṣi mẹ́rin márùn-ún, ẹ dá gbogbo ẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta títí inú á fi balẹ̀. Ẹ wá mú ẹyọ kan padà, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mú ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí inú bá padà rú lórí ẹ̀ ló ń ṣe yín. Tí inú ò bá balẹ̀ rárá nígbà tẹ́ẹ dá gbogbo ẹ̀ dúró, kì í ṣe fítámì nìyẹn, ẹ wá dókítà, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú tàbí nǹkan mìíràn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ara ríro láìjẹun.

Tẹ́ẹ bá sì ń lo àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn bíi ciprofloxacin, doxycycline tàbí tetracycline, iron, zinc àti calcium máa ń so mọ́ wọn nínú ikùn tí oògùn náà ò fi ní ṣiṣẹ́, ẹ bi famasísìtì wákàtí tó yẹ kó là wọ́n láàárín. Ti oògùn thyroid (ẹ̀yà ara kan níwájú ọrùn) tí wọ́n ń pè ní levothyroxine, wákàtí mẹ́rin ni.

Ẹni tó ti bì tàbí tó ti ṣu púpọ̀, ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ni kó máa mu lẹ́nu kékeré kékeré. Tí kò bá sí, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì jẹ́ lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ojú ẹ̀ dọ́gba àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kẹ́ẹ rò ó pọ̀.

Èyí tó kù ni ti àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Hóró iron máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ mìíràn tó ń dán, ṣúgà máa ń wà lára àwọn kan, ọmọdé á rò pé súìtì ni, iye tí kì í ṣe ìyá ní nǹkan kan lè pa ọmọ ọdún méjì. Tẹ́ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ sí FMC (họsipítù ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Àbà tàbí họsipítù ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín. Tó bá bì tán tó wá ń ṣeré, ẹ má padà sílé o, iron máa ń tan èèyàn jẹ bẹ́ẹ̀, ọmọ á dà bí ẹni tó ti yá fún wákàtí díẹ̀, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ mú ìgò tàbí páálí ẹ̀ dání kí wọ́n lè ka iye iron tó wà nínú hóró kan, kẹ́ẹ sì ka iye tó ṣẹ́ kù fún wọn.